Ìkíni tí Kò Dún

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í gbé fóònù sétí. Etí rẹ̀ ti wúwo, ó sì ti sọ fún mi tipẹ́ pé ohùn inú fóònù dà bí ohùn ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Nítorí náà, fláàṣì la fi ń kí ara wa. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àbúrò tí mò ń gbé Ìkẹ́rẹ́ á tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, mo ti pa á. Ìyẹn ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀." Bó bá rí iná fóònù rẹ̀ tó tàn, òun náà á tẹ tèmi padà láti ilé bàbá wa ní Ìṣẹ́. Nígbà tí kò lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: á mú fóònù dání, á ka ìlà kan nínú oríkì ilé wa, "Ọmọ olókè tí í bójò sọ̀rọ̀, ṣé o jí ire?" Bó bá ti parí ìlà náà, á tẹ bọ́tìnnì pupa. Lọ́dọ̀ mi, fóònù á ti dún lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó jí. Mo lè dìde lórí ibùsùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ìjà, láìsí ariwo.

Físíìsì ni mo kọ́ ní yunifásítì láyé àtijọ́, òun náà ni mo fi ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká kọ́kọ́ dé sàkáání wa, orí àpáta tó wà lẹ́yìn pápá ilé ìwé ní Ìṣẹ́ la ń gùn ká tó rí nẹ́tíwọ̀kì mú. Ọ̀gá ilé ìwé àti ọlọ́kadà á dúró ti ara wọn níbẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ìran kejì nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní 2G. Ohùn nìkan ló ń gbé dáadáa. Ìran kẹta dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn lórí fóònù. Ìran kẹrin dé, mo rí ojú ọmọ-ọmọ mi lókè òkun ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì tijú.

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí àwa afẹ̀yìntì máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìsìn, èmi ni mò ń ṣàlàyé fún wọn. Mo ní ìran kejì dà bí ọ̀nà oko, ìran kẹta dà bí ọ̀nà ọkọ̀, ìran kẹrin sì ni títì ọlọ́nà méjì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ rí bi mí pé, "Bí wọ́n bá la títì tán, ta ló máa ro ọ̀nà oko?"

Mo ní, "Wọn ò ní pa á tì. Ìmọ̀ kì í já ènìyàn kulẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, àfi bí ẹni pé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ náà!"

Nígbà Kérésì ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó gbé fóònù tuntun wá fún mi, onígíláàsì gbalasa. Ó yọ káàdì síìmù mi nínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ìran kẹrin, ó sì gbé fóònù kékeré náà lọ. "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ lọ yunifásítì! Kí lẹ tún fẹ́ fi èyí ṣe?" Mo dúpẹ́. Mo súre fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo fláàṣì ẹ̀gbọ́n mi. Kò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá oorun ló gbé e. Lọ́jọ́ kejì, kò dáhùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ fóònù lẹ́nu. Mo wo ibi tí fóònù ń kọ ìpè tí a kò gbé sí. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fóònù náà kò ní àrùn kankan. Àwọn ọmọ ń pè mí lórí Wásáàpù, ó ń dún. Pásítọ̀ pè mí, ó dún. Mo bi awakọ̀ kan tó ń ná Ìṣẹ́, ó ní, "Màmá? Wọ́n le koko. Mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó."

Ọ̀rọ̀ wá yé mi, àbí mo rò pé ó yé mi. Ṣáájú Kérésì, mo ti sọ fún un pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkẹ́rẹ́, ó ní òun ò ní fi ilé bàbá òun sílẹ̀ fún aláǹgbá. Mo sọ pé orí kunkun ni. Mo gbà pé ìyẹn ló di sínú. Kí a kí ènìyàn kó má jẹ́ ni, nílẹ̀ wa, ó ju èébú lọ. Àbúrò tí a kò jẹ́ kíkí rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́bí nìyẹn.

Síbẹ̀ mò ń kí i, títí ó fi sú mi, tí mo pa fláàṣì tì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó wá sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ níbí ní Ìkẹ́rẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà àdúgbò mi kọjá, kò yà. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sínú ilé, mo ń wo fóònù gbalasa yìí, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo ayé ń bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ bí ìyá mi ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Iṣu tuntun ló fà mí lọ sí Ìṣẹ́. Ọmọkùnrin ilé wa gbọ́dọ̀ gbé iṣu tuntun wá fún àgbà kí òun fúnra rẹ̀ tó jẹ ẹ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Gbé uṣu ẹ dúró níbẹ̀," ó ní. "Ṣé ojú ọ̀nà ulé yìí ṣì yé ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ mi mọ́."

"Èmi?" Ó dìde. "Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn lójoojúmọ́! Nígbà tí o ò fláàṣì mọ́, èmi àgbà ni mò ń ṣáájú kí ọ. Àgbà ń kí ọmọdé, ọmọdé ò jẹ́! Mo ní ẹ̀kọ́ ìwé rẹ ti dé góńgó. Ṣé mo wá lè yà sí ilé ẹni bẹ́ẹ̀?"

Mo búra. Ó ní kí n má fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Ló bá fa fóònù rẹ̀ yọ nínú ìró, ó ní kí n mú tèmi dání, kí ojú wa jọ rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. "Ọmọ olókè tí í bójò sọ̀rọ̀, ṣé o jí ire?" Ó tẹ pupa.

Fóònù mi kò dún. Àwa méjèèjì wò ó. Ó tún un ṣe. Mo wá rí i pé àmì ìran kẹrin tó wà lókè fóònù mi yí padà di àmì ìran kejì, lẹ́yìn tí òun ti pa á, ó sì tún padà sípò bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Físíìsì gbà mí létí níbẹ̀. Dátà ni wọ́n kọ́ títì tuntun yẹn fún. Lórí irú fóònù tèmi, bí ìpè gidi bá dé, fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi títì sílẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà oko, kó tó lè dún. Ẹni tó ń pè tó sì dúró, ó máa bá a. Ṣùgbọ́n ìlà oríkì kan kò gùn tó ìrìn yẹn. Gbogbo ìkíni rẹ̀ ló kú sójú ọ̀nà.

Mo ṣàlàyé. Ó tẹ́tí títí mo fi parí.

"Nínú gbogbo wọn, èyí tó gbọ́n jùlọ," ó ní, "òun ni kò lè gba ìkíni àárọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká máa ka ìlà méjì, ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa dún."

"Èmi? Kí n na oríkì bàbá mi gùn nítorí pé ẹ̀rọ rẹ ń lọ́ra? Sọ fún un kó yára."

Ó gbé iṣu wọlé. A jẹ ẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò pè mí ní ọmọ olókè lójúkojú títí mo fi lọ. Ní oríta Ìṣẹ́, mo ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, mo ki síìmù mi sínú rẹ̀, mo sì ra síìmù mìíràn fún ti gbalasa. Ẹni tó tà á bi mí bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo fẹ́ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fláàṣì. Mo dúró. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ó dún lẹ́ẹ̀kan.

Ìran karùn-ún ti wà ní àwọn ìlú ńlá báyìí. Lórí fóònù gbalasa náà ni mo ti kà á pé lókè òkun, wọ́n ti ń pa ìran kejì, kí ìran tuntun lè rí àyè, àti pé tiwa náà ń bọ̀. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò ṣàlàyé nǹkan kan lábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Akọ̀wé yẹn ṣì ń bi mí ta ló ń ro ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ tí fláàṣì bá kú, mo ti yà sí gáréèjì. Mo bi wọ́n ní àkókò tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ máa ń kúrò lọ sí Ìṣẹ́ láàárọ̀.