Òórùn Tí Imú Ènìyàn Kì Í Gbọ́

Níbi iṣẹ́, Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Gìrìpá ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó máa ń tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé, Ìyàwó! Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò kúkú ní in tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà nídìí, àwọn àfòpiná ló sì fún un.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ọkà àti fúláwà sí kí ọkọ̀ tó wá gbé wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àfòpiná. Kì í ṣe àwọn gbàǹgbà tó máa ń yí iná ká o. Àwọn kékeré ni, tí wọn ò gùn ju èékánná lọ, tí ẹnu wọn yọ ṣọnṣọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Abo wọn á yé ẹyin sínú ọkà, ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹun, á máa ran òwú, títí odidi àpò fúláwà á fi so kọ́ra bí irun tí wọn ò yà. Àpò tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ààtàn ló ń lọ.

Pańpẹ́ tó fi ń mú wọn kò ju ilé bébà kékeré kan lọ, tí wọ́n fi àtè ra inú rẹ̀. Láàárín àtè yẹn ni á gbé rọ́bà kan sí, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òórùn abo àfòpiná ló wà lára rọ́bà yìí. Akọ tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á sáré wá gbéyàwó, àtè ni á sì bá pàdé. Ènìyàn kò lè gbọ́ òórùn náà. Bó o fi imú mọ́ rọ́bà yẹn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, rọ́bà lásán ni wàá gbọ́.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án wọ ìbọ̀wọ́. Ìyàwó kì í wọ̀ ọ́. Ó ní ìbọ̀wọ́ ń sọ ìka òun di igi, òun ò wá lè já ọ̀rá kékeré tí wọ́n fi wé rọ́bà náà. Kí ló wá ń fi já a? Eyín ni. Eyín, fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ó yẹ kí ènìyàn bínú sí i gan-an, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí?

Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, àwọn akọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pańpẹ́ sílẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń bà lé. Wọ́n á bà sí etí rẹ̀, wọ́n á bà sí irùngbọ̀n, wọ́n á wọ inú ọwọ́ ẹ̀wù, wọ́n á sì máa gbọn apá pẹ́pẹ́pẹ́ bí ọkọ ìyàwó tí ara ń yá. Ibẹ̀ ni orúkọ ti jáde. “Ìyàwó, àwọn ọkọ yín ti dé o!” làwọn alábàárù máa ń kígbe látorí àpò. Òun náà á dá wọn lóhùn: “Ẹ ní kí wọ́n jókòó, mò ń wẹ̀ lọ́wọ́.” Gbogbo ilé á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ká sọ tòótọ́, ó fẹ́ràn wọn. Ó mọ ibi tí oníkálukú wọn ń gbé bí akólẹ́tà ṣe mọ ojúlé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fúláwà nilé wọn, àwọn kan wà nínú ẹ̀pà àti èso gbígbẹ. Àwọn kan ń yọ́ wọ ilé oyin lọ jẹ ìda. Àwọn kan ń lu ihò sínú igi àgbàdo àti ìrẹsì tó ṣì wà lóko. Kódà àwọn kan wà tí ìdin wọn ń gbé inú omi adágún lábẹ́ ewé, bí ẹni pé ẹja ló bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìbátan wọn tinú koríko wà, tí wọ́n ń ká apá mọ́ra bí bébà tí wọ́n lọ́, tí wọ́n ń dorí kodò sára ewé koríko, tí ojú kì í rí wọn àfi bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n. Ó sì mọ̀ pé abo ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní òórùn tirẹ̀. Akọ inú koríko kò ní béèrè abo inú fúláwà láéláé.

Ìyàwó tòótọ́, ìyẹn obìnrin tó fẹ́ sílé, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Kò gbà kí fúláwà tàbí ẹ̀pà sun ilé wọn rí. Nígbà tí obìnrin yẹn kú, ọkùnrin yìí dá wà nínú yàrá kan ṣoṣo títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì tún lo ọdún méjì lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kò sì rẹ́ni gbé e dìde títí di ọ̀sán.

Ọmọ kan ló bí láyé, obìnrin, oníbúrẹ́dì. Òkè ilé búrẹ́dì rẹ̀ gan-an ló ń gbé. Ààrò àti tábìlì ìpofúláwà wà nísàlẹ̀, yàrá tí àpò fúláwà tò sí dé àjà wà lẹ́yìn. Ọmọ yìí wá bá a lọ́jọ́ kejì tó ṣubú, kò tilẹ̀ jókòó.

“Bàbá mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. O sì mọ iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe.”

“Ọdún méjì lẹ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Òórùn wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára èèyàn?”

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ lọ. Ó fẹ́ kí ìyókù ayé òun jẹ́ inú ilé tí ẹnìkan á ti máa béèrè lówùúrọ̀ bóyá òun sùn dáadáa. Dídá gbé ti sú u dé góńgó.

Nítorí náà, ó múra. Ó dáná sun gbogbo aṣọ rẹ̀, ó sì ju bẹ́ẹ̀dì nù. Ó fá irùngbọ̀n tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Ó fi kẹrosíìnì àti kànìnkànìn ha ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ títí ara fi bó. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ rí àgbọ̀n rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ta ni bàbá arẹwà yìí? Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ni mo wá gbé.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àfòpiná kankan kò wá. Kẹrosíìnì ti jẹ ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ sán yánnayànna, torí náà, bí wọ́n bá ti ti ilé búrẹ́dì nírọ̀lẹ́, ọmọ náà á gòkè wá, á jókòó tì í, á sì máa fi ìpara ra á lára díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni á kọ́kọ́ ra, lẹ́yìn náà ọrùn àti ẹ̀yìn. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ oníbàárà tó ń yẹ búrẹ́dì wò bí ẹni tó fẹ́ ra ilé. Bàbá yìí kò rántí ìgbà tí inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹyọ kan bà sójú fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó di mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníbàárà kan na ìka sí gíláàsì tí wọ́n ń pàtẹ búrẹ́dì sí: “Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, kí lèyí tó ń rìn níbí?”

Ọmọ gòkè wá, ojú rẹ̀ le. “Bàbá, ṣé tiwa nìyẹn?”

“Akọ ni,” ló dáhùn. “Akọ kì í yé ẹyin.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

Ẹ̀rù bà á pé ọmọ á ní kó máa lọ. Ẹ̀rù yẹn ló fà á tí ẹnu rẹ̀ fi sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. “Ṣé o fẹ́ ká dán an wò? Pápá koríko kan wà lẹ́yìn ìlú tí àfòpiná kún fọ́fọ́. Jẹ́ ká jọ lọ. Bí òórùn bá ṣì wà lára mi, wọ́n á bò mí mọ́lẹ̀.”

Wọ́n lọ nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀, àfòpiná funfun pínníṣín á tú yìì láti inú koríko, wọ́n á fò díẹ̀, wọ́n á tún lọ lẹ̀ mọ́ ewé míì. Bàbá dúró láàárín pápá, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ìkankan tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yà? Tinú koríko ni wọ́n, ti fúláwà ló wà lára rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó wà láyé, òun ni kò ṣeé purọ́ yìí fún, òun náà ló sì pa á. Ọmọ rẹ̀ ń fò sókè, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó so mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

“Wọn ò mọ̀ yín! Bàbá, wọn ò mọ̀ yín rárá!”

“Mo sọ fún ẹ,” ni àgbàlagbà yìí wí. Ojú ara rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ ọmọ náà kúrò lọ́rùn.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, olùyẹ̀wò oúnjẹ wọ ilé búrẹ́dì náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn, ó ki ọwọ́ bọ àpò fúláwà kan, ohun tó fà jáde sì ń wọ́ òwú gbọọrọ. Ó tún ki í bọ òmíràn, bákan náà ni. Ó ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n fọ ilé, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn títí òun á fi padà wá láìrí àfòpiná kan.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Abo ló ń yé ẹyin, abo kò sì wá a wá rí. Ó lè jẹ́ pé inú àpò ni wọ́n ti bá fúláwà wọlé, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n abo tí kò rí akọ, òfo ni ẹyin rẹ̀, ta ló sì pe akọ jọ síbẹ̀? Ó gbìyànjú láti rí ẹlòmíì dá lẹ́bi, kò rí.

“Àwọn tinú pápá yẹn kọ́,” ló sọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé àpò kọjá. “Irú wọn yàtọ̀. Òórùn tèmi kò kàn wọ́n. Mo fẹ́ dúró lọ́dọ̀ ẹ ni.”

Ọmọ gbé àpò sílẹ̀. “Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí mo ń sunkún?”

“Mo mọ̀.”

Kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ gba yàrá kan ní òdìkejì ìlú, ibi tó jìnnà sí ilé ọkà àti ilé búrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ bá a gbé báàgì dé ojú títì, kò sì sọ pé kó má lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ìṣubú rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú: òun ti kúrò níbẹ̀, ilé á mọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, ọmọ òun á sì máa jẹun nìṣó.

Lọ́jọ́ ogún tó débẹ̀, ọ̀sán gangan, ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti rù, kò sì wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

“Olùyẹ̀wò yẹn wá lánàá,” ló sọ. “Ó ní ilé mọ́. Ó yẹ gbogbo ibi tí fúláwà ń dé, ó ní ó mọ́.”

“A dúpẹ́. Ṣé o ti ṣílẹ̀kùn?”

“Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kan bà lé mi lọ́wọ́. Òmíràn bà sí mi lọ́rùn. Ó wò mí títí, ó ní, ‘Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá bá.’”

Àfòpiná kékeré kan ti tẹ̀ lé obìnrin náà wá láti títì. Ó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọn apá pẹ́pẹ́pẹ́. Ọmọ náà kò tiẹ̀ lé e mọ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bàbá rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń po fúláwà, tó fi ra á lára lálaalẹ́. Ó ti bó, ó ń rùn fún kẹrosíìnì.

“Gbogbo ọṣẹ tó wà lọ́jà ni mo ti lò. Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò?”

Ó fẹ́ di ọwọ́ náà mú. Ó gbé tirẹ̀ sókè, ó rántí, ó sì kó o sẹ́yìn.

“Kì í kúrò, ọmọ mi,” ló wí.