Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Bàbá mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́pàá de bàbá mi lónìí!

Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó wá kí mi láti Ìbàdàn. Wọ́n kàn ń na ẹsẹ̀ níwájú ilé wa ní Forestville, nílùú òyìnbó níbí, lọ́sàn-án yìí ni. Àwọn ọlọ́pàá méjì ń wá ẹnì kan tó fọ́lé. Wọ́n ní kí Bàbá má mira. Bàbá ò gbọ́ òyìnbó wọn dáadáa, Bàbá bá ki ọwọ́ bọ àpò pé kí àwọn mú pásípọ́ọ̀tù jáde. Ni ọlọ́pàá kan bá gbé wọn lulẹ̀, ó ká ọwọ́ wọn sẹ́yìn, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n.

Mo sáré jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, daddy mi ni! Apá ọ̀tún wọn kì í ká sẹ́yìn!"

Ọlọ́pàá kejì, obìnrin, yẹ pásípọ́ọ̀tù wò. Ó kúnlẹ̀, ó tú wọn, ó rọra gbé apá Bàbá wá síwájú bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"I'm sorry, sir."

Èmi ni mo wá bú sẹ́kún. Bàbá fi ọwọ́ tó ti wú nu ojú mi.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Wọn ò mọ̀ mí ni."

Mo ti fi omi gbígbóná jó ejìká wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún Màmá nílé o: "Tó bá gbọ́, á ní kí n máa bọ̀, mi ò sì tíì fẹ́ fi ẹ́ sílẹ̀."

Ọ̀la ni Màmá máa fóònù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n sọ?