Ṣúgà Inú Ẹ̀kọ Ládàánì

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ràṣídì lorúkọ rẹ̀. Òun ni ládàánì mọ́sálásí wa ní Dásà, ìlú tí àpáta yí ká, òun ló ń pe ìrun, ó sì ń ta abọ́ tánganran àti fìtílà ní bútíkì tó kọjú sí èyí tí èmi Àríkẹ́ ti ń ta aṣọ. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká jiyàn. Bó bá pe ìrun ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn àpáta a gbà á, wọn a dá a padà, àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Kèrè á sì mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́. Ayé kàmáràdì là ń wí yìí, nígbà tí ìjọba ní kí olówó àti tálákà máa pe ara wọn ní kàmáràdì. Àwọn ará ìgbìmọ̀ ìjọba kì í pè é ní ládàánì, Kàmáràdì Ràṣídì ni tiwọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóhùn sókè, àwọn náà a dákẹ́.

Ó fẹ́ràn oúnjẹ. Ibi ìkómọ yòówù kó jẹ́, ìdí abọ́ tó tóbi jù lẹ ó ti bá a. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé abọ́ tó ń tà kò lè tó o jẹun, òun náà á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àfi bí ọgbẹ́ inú ṣe mú un. Lọ́jọ́ kan ló bi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú bútíkì, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí Kutọnu. Ní ọ̀pítálì níbẹ̀ ni wọ́n ti là á nínú, wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò ìjẹun rẹ̀ sọ nù.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, dókítà kìlọ̀ fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹun, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kó fi ohun dídùn sílẹ̀. Kó má mu omi lé oúnjẹ, kó sì máa fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ bó bá jẹun tán, nítorí ohun tó bá gbé mì kò ríbi dúró mọ́, ṣe ni yóò máa ya wọ inú ìfun gbùrà. Dókítà náà tún sọ pé ààwẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ó gbọ́ o. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tí dókítà wí, ó ní, "Wọ́n ní kí n máa jẹun dáadáa." Ojú ló ń tì í. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ abọ́ ńlá, báwo ni yóò ṣe la ẹnu sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ikùn tó kù fún òun kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ?

Ni ààwẹ̀ bá dé, ní àsìkò tí iṣu titun ń jáde. Àṣà tiwa ni pé ládàánì ló ń kọ́kọ́ ṣínu. Bí oòrùn bá ti wọ̀, a ó gbé igbá ẹ̀kọ gbígbóná fún un lójú gbogbo ìjọ, yóò mu ún tán, yóò pe ìrun, ìgbà náà la ó tó fẹnu kan tiwa. Àwa obìnrin ló ń po ẹ̀kọ náà lẹ́bàá mọ́sálásí. Ṣúgà kì í ṣe ohun tí à ń rí bó ṣe wù wá nígbà náà, nítorí náà ẹni tó bá ní hóró kan nílé, inú igbá ládàánì ni yóò sọ ọ́ sí kó lè gba láádá. Ti Àṣàbí ló máa ń pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mu ún, ó sì pe ìrun dáadáa. Kí a tó tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, òógùn ti bò ó. Àyà rẹ̀ ń lù débi pé à ń rí i lábẹ́ aṣọ, inú rẹ̀ ń kùn, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àṣàbí ní ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ ni kò tíì padà, pé ohun dídùn ló lè gbé e dìde. Lọ́jọ́ kejì, ó fi oyin lé ṣúgà. Bí àìsàn náà ṣe ń le sí i ni ẹ̀kọ náà ń dùn sí i, Ràṣídì sì ń gbé e mì, nítorí kò mọ bí yóò ṣe kọ igbá lójú ìjọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìṣínu, ló wá tú síta. Orí ìlà ìrun ló wà nígbà tí inú rẹ̀ yí, kò sì lè sá mọ́. Ó ṣe é sára. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di ògiri mú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn ní, "Ẹ ò rí i? Ọtí sódábì ló mu." Àṣàbí gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó fi ìborùn rẹ̀ bo ọkọ rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó sì mú un lọ sílé.

Ràṣídì kò wá sí mọ́sálásí mọ́. Àlàbí, ọ̀kan nínú ìjọ, ló ń bá wa pe ìrun, ohùn rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pé bó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀ tí Ràṣídì kò yọjú, Àlàbí ni yóò di ládàánì pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn, nítorí iṣẹ́ yẹn ló fi jẹ́ èèyàn láàárín wa.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí dókítà wí, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀. Yóò purọ́ pé òun ń lọ kí ẹnì kan, yóò gun òkè ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú iṣu àná nínú aṣọ, yóò jókòó sáàárín àpáta, yóò jẹ díẹ̀, yóò sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Òógùn kò bò ó mọ́. Ara ń yá, ṣùgbọ́n ìtìjú ń pọ̀ sí i. Òun tó ń pe àwọn èèyàn sídìí ààwẹ̀, òun náà ló ń jẹun lọ́sàn-án bí olè.

Ignace ló ni oko tó wà lórí òkè náà. Onígbàgbọ́ ni, kì í ṣe ẹni tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó rí Ràṣídì níbi tó ti ń jẹ iṣu gbígbẹ létí oko òun, nígbà tí iṣu titun òun ti jáde, ojú sì ti òun náà. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ òkè kórìíra jù ni kí wọ́n sọ pé ahun ni àwọn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán gangan, ó se iṣu titun, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sì gbé e wá sí bútíkì.

"Bàbá Ládàánì, ẹ kú ìjókòó o!" Bí wọ́n ti ń kígbe bára wọn sọ̀rọ̀ lórí òkè ló ṣe ń kígbe. "Iṣu àná tí ẹ ń dá jẹ láàárín àpáta yẹn, ó ń dùn mí. Titun rèé. Ẹ má lọ máa fara pa mọ́ jẹun létí oko mi mọ́."

Gbogbo ọjà yíjú sí wọn. Aṣọ tí mò ń wọ̀n bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Iṣu wo?" Àṣàbí, tó wà ní bútíkì lọ́jọ́ náà, bi ọkọ rẹ̀.

Ràṣídì dorí kodò, ó sọ ọ́ tán pátá: ikùn tí wọ́n gé, ohun dídùn tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ṣúgà yẹn ni?"

"Òun ni."

"Tí mo tún fi oyin lé?"

Àṣàbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mò ń pa yín lójú ayé, ẹ sì ń mu ún?"

"Ojú ló ń tì mí," ni Ràṣídì wí. "Kò sí nǹkan mìíràn."

Inú bí mi sí i dé góńgó. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Àṣàbí kò bínú ní tirẹ̀. Ó dìde, ó mú abọ́ tánganran kékeré kan nínú ọjà, ó gé iṣu díẹ̀ sí i, ó sì yí àga ọkọ rẹ̀ kọjú sí títì.

"Ẹ jẹ ẹ́ níbí."

"Lójú ọjà?"

"Lójú ọjà. Àárín àpáta kọ́ ni ọkọ mi yóò ti máa jẹun."

Ó jókòó tì í, òun tó ń gbààwẹ̀. Ràṣídì jẹun, omijé ń bọ́ sínú iṣu náà. Mo gbójú kúrò. Ignace, tí ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, ṣí fìlà rẹ̀, kò lè lọ, kò sì lè dúró.

Nírọ̀lẹ́, Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ wá. Ó ní ààwẹ̀ kò pọn dandan fún aláìsàn, kí Ràṣídì dìde wá pe ìrun.

"Ẹnu tó jẹun lọ́sàn-án, Lèmọ́mù?"

"Ẹnu yẹn náà ni. Ó yá."

Àwa obìnrin gbé igbá fún un bí àṣà. Omi díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó mu ún, ohùn rẹ̀ sì gòkè dé ara àpáta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe padà di ládàánì wa, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé ìtìjú náà tán. Ọdọọdún, bí ààwẹ̀ bá dé, iwájú bútíkì rẹ̀ ló ti ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ kan á sì máa bo abọ́ náà bí ọmọdé bá ń kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo na ṣúgà sí Àṣàbí kó fi sínú ẹ̀kọ tirẹ̀. Ó mi orí. Títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, kò fi ṣúgà ṣínu mọ́.