Ọwọ́ Tí Mo Rí Lára Bébà

Ọ̀dọ̀ àlùfáà òyìnbó tó tọ́ mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. A ó ti ilẹ̀kùn yàrá pa, a ó dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, àfi fèrèsé kan tí a fi páànù bò. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń lu ihò kan ṣoṣo sára páànù náà. Bí oòrùn bá ràn, ẹni tó jókòó níta yóò hàn lára bébà tí a fi kọ́ sínú yàrá, èmi yóò sì máa fi lẹ́ẹ̀dì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ni yóò wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, ojú kì í sì í hàn kedere.

Mo ń ṣe tíṣà ní Erúnmu nígbà tí ibà pa Táyé, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ti gba ìgbàgbọ́, nítorí náà kò gbẹ́ ère ìbejì fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò dákẹ́.

"Ìwọ onígbàgbọ́, ọmọ kú, o ò rí nǹkan kan gbé lọ́wọ́. Kẹ́hìndé á bi ọ́ léèrè èkejì rẹ̀ o!"

Ìyá Ìbejì bá tọ̀ mí wá. "Tíṣà, ojú kan náà ni wọ́n. Ẹ ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè máa rí àwọn méjèèjì pọ̀."

"Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òun náà sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó lókun díẹ̀."

"Ohun tí a sọ nípa Táyé náà nìyẹn."

Mo lọ fi páànù bo fèrèsé yàrá mi, mo sì lu ihò sí i.

Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn òwúrọ̀, a gbé Kẹ́hìndé jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn, torí ẹni tó bá dúró nítòsí yóò wọ inú àwòrán.

"Ta ni yóò di ọmọ mú?" ni ìyá àgbà bi mí.

"Ògiri á dì í mú, Màmá."

Ìyá Ìbejì bá mi wọ yàrá kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mo ya àkọ́kọ́ tán, mo sún bébà, mo bẹ̀rẹ̀ èkejì, tí yóò dúró fún Táyé. Ọmọ tó ti ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún wá jókòó jẹ́ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ gòkè lára bébà.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Ẹ wò ó, ó ń juwọ́ sí wa!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ya orí, mo ya èjìká. Ìgbà tí mo fẹ́ ya ọwọ́ náà ni mo rántí pé ohun tó bá gòkè lára bébà, ilẹ̀ ni ó ń lọ níta. Mo já ilẹ̀kùn ṣí. Ọwọ́ ọmọ ti bọ́ kúrò lórí itan rẹ̀. Ògiri ṣì dì í mú, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Àlùfáà tó tọ́ mi ní ibà ló pa á, kì í ṣe oòrùn. Ó ṣeé ṣe. Nígbà tí a sin ín tán, mo ní kí ìyá rẹ̀ jẹ́ kí n parí ọwọ́ náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Tíṣà," ló wí, ó sì gba bébà náà lọ́wọ́ mi.

Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Mo ti ya ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà, àgbà àti ọmọdé. Bí ẹnìkan bá ní kí n ya òun nìkan, n kì í gbà. Nínú gbogbo àwòrán mi, ẹ ó rí ẹlòmíràn tó jókòó ti onítọ̀hún, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.