Àánú Tí Mo Gbé Lọ sí Pasadena

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo fi kúrò nílé ní Iléṣà, kí n lè tètè dé Èkó láti wọ bàálù. Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu géètì.

Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ má lọ dá Kọ́ládé lẹ́jọ́ o. Ẹ lọ kí i ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá Kọ́ládé sọ ti wà nínú àpò mi, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Ó ti mọ́ mi lára láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. N kì í bá ènìyàn wí láìmúra sílẹ̀.

Kọ́ládé ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ọtí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ó mutí yó wá síbi ìsìnkú bàbá wa, ó ṣubú lu pósí lójú gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Amẹ́ríkà, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi àkọ́bí ni mo kọ ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílé: a ó to orúkọ àwọn ọmọ òkú láti orí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn, ẹni tí ará ìlú kò bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, wọn á ní kì í ṣe ọmọ. Mo fi gègé pa orúkọ Kọ́ládé rẹ́. Mo ní kò ní dójú tì wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù pé Olúwa ti gba òun lọ́wọ́ ọtí, òun ti ṣèrìbọmi, òun fẹ́ fojú kàn mí. Kò mọ ohun tí mo ṣe.

Ilé Bùkọ́lá ọmọ mi ní Cypress, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ni mo dé sí. Àdúgbò náà dákẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ lásìkò ìsinmi. Ilé aládùúgbò kò ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, ọjọ́ méjì kọjá kí n tó rí ẹni kí. Ní àárọ̀ Sátidé, Bùkọ́lá fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Pasadena, ìlú tí Kọ́ládé wà. Ó gbà wá tó wákàtí kan. Freeway ni wọ́n ń pe títì náà, títì gbàràmù tí kò ní iná adarí ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró lórí rẹ̀ láti ra ọsàn. Bí a ti ń sún mọ́ Pasadena, òpó gíga-gíga àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo yọ lọ́ọ̀ọ́kán, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì wọ inú ọkọ̀.

"Inú òórùn yìí ni Kọ́ládé ń gbé?"

"Dádì, ẹ máa get used to it. Uncle ní òórùn iṣẹ́ ni."

Obìnrin kan ń ta tamálì lẹ́bàá ọ̀nà, mẹ́fà ní dọ́là mẹ́wàá. Háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń wé e. Bí ẹ bá tú u, ó jọ sàpàlà wa gan-an, àfi pé wọ́n ki ẹran sí i nínú. Mo ra méjìlá, nítorí a kì í fọwọ́ òfo lọ kí ènìyàn.

Kọ́ládé ti ń dúró dè wá níwájú apartment rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré. Aládùúgbò rẹ̀ kan sáré wá, ó ń béèrè bóyá kí òun pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó rò pé Kọ́ládé dákú ni.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi," Kọ́ládé wí, ó sì dìde. Ewú ti gba orí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé mi ṣì wà lápò.

Inú yàrá ló ti bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú Màmá kan wá? Fọ́tò wọn ni mo fẹ́. N kò ní ẹyọ kan."

"Mo gbàgbé rẹ̀ sílé," mo parọ́.

Ó gbé tamálì sórí tábìlì, ó ní ká gbàdúrà. "Olúwa, mo dúpẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá mi dúró fún mi níbi ìsìnkú Màmá, nígbà tí èmi ò ṣe bí ọmọ."

Bùkọ́lá ṣe àmín. Ẹnu mi kò gbà á. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè gbójú sókè, gbogbo ojú ewé mẹ́ta náà kò sì wúlò mọ́.

"Kọ́ládé, mo parọ́ fún ọ. Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé náà. Ọmọ mẹ́rin ni mo kọ fún Màmá dípò márùn-ún. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò bẹ àbúrò kankan rí. Omi lé sí Kọ́ládé lójú.

"Ó dùn mí, Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kó kọ ọ́ nígbà yẹn, èmi gan-an ì bá yọ orúkọ mi. Ọlọ́run ò yọ ọ́. Mo ti dárí jì yín. Ẹ jẹun, ó ti ń tutù."

Mo jẹun, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Ó pẹ́ tí mo ti ń wàásù àánú Ọlọ́run ní ìjọ wa, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi í sí lọ́wọ́ kí n máa pín in fún àwọn tó ṣẹ̀. Ní Pasadena ni mo ti kọ́kọ́ na ọwọ́ tèmi gbà á.

Nígbà tí mo padà dé Iléṣà, ìyàwó mi gba àpò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni Kọ́ládé ti yí padà?"

"Ó ti yí padà," mo ní. "Ó wá ku èmi."