Ọkọ̀ Tí Kò Lè Mí

Èéfín dúdú ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ìyá kan ní Bantè. Oníṣòwò ni ìyá yìí, Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ń lọ. Iṣu la máa ń kó ní Lougba àti Atokoligbé lọ sí Savalou. Láràárọ̀ ni ìyá yóò gbàdúrà fún ọkọ̀ náà, tí yóò wọ́n omi sí táyà rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú táǹkì láti wo iye gásóìlì tó kù. Ó fọkàn tán Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán dírẹ́bà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku pupa bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú. Bó bá ti kan òkè lọ́nà Savalou, agbára rẹ̀ á tán, àwọn sémíjàn tó fi alùpùpù gbé àpò àgbàdo á máa ya wá sílẹ̀. Gásóìlì tó ń gbé wa lọ, tó ń gbé wa bọ̀ tẹ́lẹ̀, kò tó àlọ nìkan mọ́. Ìyá wo igi rẹ̀, ó wo ojú mi. Mo ní fílítà ló ti dí, ìyẹn asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìyá ní ejò lọ́wọ́ nínú. Ó ní dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi náà ń pariwo fílítà, tó sì ń ta gásóìlì òun lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo tú fílítà náà níwájú rẹ̀. A ti fẹ́ eruku rẹ̀ dànù lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún táyà ní atẹ́gùn títí ó fi sú wa. Mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kankan kò yọ síta. Mo ní ohun tí iná kò lè là já, afẹ́fẹ́ kò lè là á já, ó ti tó pààrọ̀. Ìyá fọwọ́ pa á, ó ní ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo da eruku sí i. Àwọn àgbà ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ó ṣe mí bíi kí n bi í níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ ẹsẹ̀ olè, ṣùgbọ́n oúnjẹ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá sọ pé, “Jẹ́ kó wà nílẹ̀, ká gun òkè láìsí i. Bí ọkọ̀ bá lágbára, òótọ́ lo sọ.”

Mo mọ̀ pé yóò lágbára. Mo sì mọ̀ pé gbogbo eruku ọyẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yóò máa gbé mì. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá, mi ò ní wà á bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀rù ń bà ọ́,” ló fi dá mi lóhùn.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Mo rò pé olóòótọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí, pé kílẹ̀ tó ṣú yóò ti wá bẹ̀ mí. Kọ́kọ́rọ́ ló gbà lọ́wọ́ mi, ó fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ náà gun òkè wọ̀ọ̀ láìsí fílítà, kò sí èéfín. Ìyá ní òun ti rí i wàyí, ohun tó ń fún ọkọ̀ lọ́rùn ni mo fẹ́ kí òun tún fowó rà. Wọn kò dá fílítà padà mọ́. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀ tán tí ẹ́ńjìnnì náà fi kú sí Atokoligbé pẹ̀lú ẹrù iṣu. Eruku ti lọ inú rẹ̀ bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ìyá ránṣẹ́ pè mí.

“Ṣé ìwọ àti dírẹ́bà tuntun yìí lẹ jọ pa ọkọ̀ mi ni?”

“Eruku ni, Ìyá. Ẹnikẹ́ni ò jà yín lólè.”

Ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́.

Èmi náà ti di ọlọ́kọ̀ báyìí. Ẹni tó ń wà á fún mi kò jalè rí, mo lè búra. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ó pè mí láti Savalou pé fílítà ti dí. Mo ní kó ra tuntun lójú ẹsẹ̀, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe pa fóònù tán, mo pe ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ níbẹ̀, mo bi í bóyá lóòótọ́ ni dírẹ́bà mi wá. Ó ní dírẹ́bà náà ṣì dúró níwájú òun, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ.