Ẹni Tí Mo Pè Ní Aláìlọ́yàyà

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé wa ní Òṣogbo, wọn kì í sì í jẹ́ kí aṣọ jáde láìlọ̀ ọ́. Kí a tó kírun àsùbáà tán, èédú ti ń ta pàrà, òórùn rẹ̀ á gba ojú wíńdò wọlé bá wa lórí ẹní. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyàwó àbúrò bàbá mi, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n mú un wọlé. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ó kàwé ní Ẹ̀sà-Òkè, àwa ọmọdé sì ń sín ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àṣà náà: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń pín orúkọ bí ẹni ń pín sàárà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di Akọ̀wé nítorí báírò tó ń fi há etí. Àbúrò mi di Ìbàdíàrán. Èmi nìkan ni kò rí gbà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, “Ẹ jọ̀ọ́” ló máa ń wí, kò ní fi orúkọ kankan sí i. Ó dùn mí dé egungun, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kó fẹ́ràn mi.

Àsìkò yẹn ni olùkọ́ wa kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, èyí tí a fi ń júwe bí ènìyàn ṣe ń ṣe sí ọmọnìkejì: “friendly”, “warm” àti “kind” fún ọlọ́yàyà, “cold”, “unfriendly” àti “hostile” fún ẹni tí kò fẹ́ rí ènìyàn sójú. “Cold” yẹn yà mí lẹ́nu, nítorí onínú tútù la máa ń yìn nílé wa. Olùkọ́ ní ká fi àwọn ará ilé wa ṣe gbólóhùn. Mo fi “kind” fún ìyá mi. Mo fi “friendly” fún bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí aṣọ wọn ti pẹ́ nílẹ̀ lè má gbà bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ ọ́ gbàgàdà pé ìyàwó wa jẹ́ “cold and unfriendly”. Olùkọ́ fi báírò pupa sàmì sí i pé mo gbà á, inú mi sì dùn bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Mo gbàgbé pé ìyàwó wa ló ń yẹ ìwé iléèwé wa wò nírọ̀lẹ́ tí a bá ti ilé-kéú dé. Ó kà á, ó tún un kà. Kò bínú. Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́, ó fi etí ìró nu ojú, ó wọ yàrá lọ.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, wà níbẹ̀ lórí àpótí. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ohun tí mo kọ fáwọn. Nígbà tó parí, wọ́n mirí.

“Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Rùkáyà, ìwọ lo kọ̀ láti jẹ́ orúkọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè ọ́ ní Awẹ́léwà láàárọ̀ ọjọ́ tó ń pín orúkọ. O ò dáhùn, o lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó ò gbọdọ̀ fi tipátipá sọ ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ti wá bi mí pé kí lòun fi ṣẹ̀ ọ́.”

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ Awẹ́léwà yẹn, ẹlòmíràn ni mo rò pé ó ń pè. Imú mi tóbi, eyín iwájú mi ti ká, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní arẹwà rí.

Mo wọlé lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ànńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi pè.”

Ó ní, “Tí mo bá pè yín, ẹ ó jẹ́?”

Mo ní màá jẹ́. Ó pè mí, mo sì jẹ́ ẹ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi dá ẹ̀rọ dúró nísàlẹ̀.

Mo ti lé lógójì báyìí. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń júwe ènìyàn sì ti pọ̀ ju ti ojú pátákó lọ. Obìnrin kan wà tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti ń kọjá lára wa bí ẹni tí kò ríra, nítorí pé mo kí i lọ́jọ́ kan, kò dáhùn. N kò bi í bóyá ó gbọ́. Mo ti dájọ́ rẹ̀ tán lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kúnlẹ̀ nínú yàrá ìyàwó wa gbọ́n jù mí lọ. Láàárọ̀ òní, obìnrin náà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo tẹjú mọ́ fáìlì títí ó fi lọ.